Ohun Tí Wọ́n Ń Wí Nípa Kọ̀ǹténà

"'Bí wọ́n bá lè yọ Kọ̀ǹténà kúrò nínú géèmù yìí, ara á tu gbogbo wa.' Ohun tó kọ síbí nìyẹn, Bàbá."

Ugochukwu gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó wo Gafar. Orí fọ́kílífìtì, ọkọ̀ tó fi ń gbé ẹrù, ni Gafar jókòó sí, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road, Àpápá. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wà lórí itan, kò tíì ṣí i. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á rò pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Ohun tí kò yé e ni ẹni tí wọ́n ń bá wí.

"Ṣé èmi ni ó ní kí wọ́n yọ, àbí ẹni inú géèmù?"

"Ẹni inú géèmù ni," Ugochukwu dáhùn, ó sì tún yẹ fóònù wò bí ẹni tó fẹ́ kó dá òun lójú. "Ṣùgbọ́n ojú yín náà ni, Bàbá. Ọwọ́ yín náà ni."

Akọ̀wé ni Ugochukwu níbẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, àfi tí inú bá bí i ni Ìgbò àti Píjìn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn lámèyítọ́ géèmù. Bí géèmù tuntun bá ti jáde, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbá a, wọ́n á wá sọ fún gbogbo ayé bóyá ó dára tàbí kò dára. Ó ní ẹni yìí yin àwòrán géèmù náà, ó yin orin rẹ̀, ó ní Marine Beach tí wọ́n yà sínú rẹ̀ dà bíi pé kéèyàn nawọ́ kó bu omi. Kọ̀ǹténà nìkan ló bínú sí.

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Ó ní ẹ kì í ṣubú."

Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní Ajégúnlẹ̀ á rẹ́rìn-ín, nítorí ṣíṣubú gan-an ló sọ Gafar Sàlàkọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ja ẹ̀ṣẹ́ lóòótọ́, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Boundary, ó sì na àwọn tó na ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ kò bọ́ ọ yó. Ìgbà tó gbé Suwaibat níyàwó ló lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa fọ́kílífìtì. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tí àwọn onífíìmù kan fi wá sí Àpápá, tí wọ́n ń wá ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ja ẹ̀ṣẹ́. Ọba Wọ́ọ̀fù ni wọ́n pe fíìmù náà. Ìtàn ọmọ aláàárù kan ni, tó fi ẹ̀ṣẹ́ jà títí tó fi di ọba gbogbo èbúté. Gafar ni wọ́n fi ṣe Kọ̀ǹténà, òmìrán burúkú tí ọmọ náà máa ń bá pàdé ní ìparí. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn fíìmù yìí débi pé wọ́n ṣe apá kejì, wọ́n tún ṣe apá kẹta, nínú gbogbo wọn ni Kọ̀ǹténà sì ti lulẹ̀ gbìì bí igi àràbà. Láti ìgbà náà, ekukáká lèèyàn á fi gbọ́ kí wọ́n pe Gafar ní orúkọ rẹ̀ láti Olódì títí dé etí omi. Bó bá ń kọjá, àwọn kan á pariwo pé, "Kọ̀ǹténà, ó tún ti ṣubú!" Òun náà á juwọ́ sí wọn, á máa lọ.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fi fíìmù náà ṣe géèmù, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Morádéún ló ránṣẹ́ pè é sí ilé kan ní Àpápá GRA. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣe géèmù náà. Wọ́n wọ aṣọ dúdú kan tó fún mọ́ra fún Gafar, wọ́n lẹ àwọn nǹkan róbótó kéékèèké mọ́ ọn láti ọrùn dé kókósẹ̀, wọ́n sì to kámẹ́rà yí i ká. Morádéún ní ohun tí kámẹ́rà bá rí ni ẹ̀rọ máa fi kọ́ Kọ̀ǹténà inú géèmù bó ṣe máa rìn àti bó ṣe máa jà. Gafar béèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣubú. Morádéún ní kó má tíì ronú ìyẹn, kó ṣáà jà bó ṣe mọ̀ ọ́n jà. Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí níwájú kámẹ́rà. Ó jà lọ́jọ́ náà bí àgbò tí wọ́n tú lókùn. Nígbà tó ṣe tán, àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́ fún un, ojú sì tì í díẹ̀.

Géèmù jáde. Kò sí ẹni tó rí Kọ̀ǹténà gbé ṣubú. Ariwo sì sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ugochukwu ka ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, bí Gafar ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá nítòsí ilé rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò mọ̀ rí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ọlá ńlá ni fún òun láti fojú kàn án, pé irú èèyàn bíi tirẹ̀ ló yẹ kó wà nínú gbogbo géèmù. Gafar dúpẹ́. Kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé tí obìnrin kan fi ké sí i láti òdìkejì títì. Obìnrin náà ní ọmọ òun ti ju pádì tó fi ń gbá géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ti là sí méjì. Ó bi í pé ṣé Gafar náà kò lọ́mọ nílé ni. Gafar bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tó wọlé tán ló tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń tọrọ àforíjì lé lórí.

Suwaibat wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Tinú, ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, jókòó sílẹ̀, ó ń ká aṣọ tí ìyá rẹ̀ bá rán tán. Gafar sọ ohun tí Ugochukwu kà fún un. Tinú ní òun ti rí i, òun sì ti rí ọ̀pọ̀ míì. Ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ̀ sì tẹ́ etí sílẹ̀ bí ẹni tí dókítà ń sọ irú àìsàn tó ń ṣe é fún.

Ẹnì kan ní Kọ̀ǹténà nìkan ni ènìyàn gidi tó wà nínú géèmù náà, pé ère ni àwọn yòókù. Ẹlòmíràn ní ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí inú ń run, kò sì yé òun ìdí tí wọ́n fi ya òmìrán lójú báyẹn. Ẹnì kan tí ń gbé ìlú òyìnbó kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ yá jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo jù, pé ó hàn gbangba pé àwọn tó ṣe é kò mọ bí ara ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Gafar na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó wò ó. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò sì ti fi odindi ètò kan sọ ọ́ pé ibi tí Kọ̀ǹténà ti ń ṣubú ni adùn fíìmù Ọba Wọ́ọ̀fù, nítorí náà géèmù tí kò bá jẹ́ kó ṣubú ti da ìtàn náà nù.

"Àwọn méjì yìí wá ni mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí," Tinú wí. "Èyí fún géèmù náà ní máàkì tó ga jù lọ. Ó ní, 'Kọ̀ǹténà kò ṣeé gbé ṣubú.' Èyí sì fún un ní máàkì tó kéré jù. Òun náà ní, 'Kọ̀ǹténà kò ṣeé gbé ṣubú.'"

"Tún un kà."

Tinú tún un kà.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni," Gafar wí.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni, Dádì. Ẹnì kan fi yìn yín, ẹnì kejì fi bú yín."

Suwaibat gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti dá ẹ̀rọ dúró, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kún inú rẹ̀. Ó ní ìyìn kọ́ ni òun ń rò, èébú kọ́ sì ni. Èpè ni òun ń rò.

"Èpè ò mọ géèmù, Bàbá Tinú," ó ní. "Gbogbo ọmọ tó ń gbá a láti ibí dé Kánò, bí wọ́n bá ti fìdí rẹmi, wọ́n á gégùn-ún. Ojú ta ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń gégùn-ún? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín yìí, ṣé ẹ rò pé lásán ni?"

Gafar ní ẹ̀yìn ti ń dun òun kí wọ́n tó ṣe géèmù. Suwaibat ní ó ti le sí i. Òótọ́ sì ni, ó ti le sí i. Gafar kò gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè búra pé irọ́ ni.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kó ṣubú," Suwaibat wí. "Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ nà án, kí ọkàn wọn balẹ̀."

Tinú ti ń ká aṣọ kan tẹ́lẹ̀. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Láìwo ẹnikẹ́ni, ó sọ pé láti ìgbà tí òun ti wà ní ilé ìwé gíramà ni wọ́n ti ń pe òun ní Ọmọ Ó-Tún-Ti-Ṣubú. Bí òun bá yege nínú ìdánwò, wọ́n á pè é. Bí òun bá fẹsẹ̀ kọ, wọ́n á pè é.

"O ò sọ fún mi rí," Gafar wí.

"Ẹ̀yin ń juwọ́ sí wọn, Dádì. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó to aṣọ náà lé orí àwọn yòókù. "Ẹ jẹ́ kí n gbádùn àìṣubú yìí díẹ̀ ná."

Gafar bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Orí ìrun ló wà tó fi ń bi ara rẹ̀ pé ọmọ ta ni wọ́n ń pè ní orúkọ yẹn, ọmọ òun ni tàbí ọmọ Kọ̀ǹténà. Ó kí ráká ìrun kan ju bó ṣe yẹ lọ, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí géèmù náà. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó gba ọ̀nà ilé géèmù Lucky lọ. Ilé pákó kan ni, lẹ́bàá gọ́tà, tí Lucky to tẹlifíṣọ̀n àti bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀. Ọmọ Warri ni bàbá Lucky, ṣùgbọ́n Lucky kò mọ ìlú kankan ju Ajégúnlẹ̀ lọ. Bó ṣe tajú kán rí Gafar, ó lé ẹnì kan dìde fún un.

"Bàbá, abẹ́g, ẹ wá wo ara yín," ó ní.

Ẹni tó wà nídìí géèmù nígbà náà ni Justice, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach. Lucky ní ojoojúmọ́ ni Justice ń wá, ó ti na gbogbo ẹni tó wà nínú géèmù náà, Kọ̀ǹténà nìkan ló kù. Justice kí Gafar tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi í léèrè ibi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́.

"Gbogbo ara," Gafar dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Lucky wá gbé pádì lé e lọ́wọ́, ó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún hàn án, ó fi ti ọwọ́ òsì hàn án, ó ní Gafar ni ọmọ aláàárù báyìí. Gafar tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Èbúté ló rí, alẹ́ ni níbẹ̀, iná ọkọ̀ ojú omi ń tàn lójú omi. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan yọ láàárín àwọn kọ̀ǹténà. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú díẹ̀ ní èjìká. Kó tó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó fi ìbọ̀wọ́ nu imú. Gafar kò mọ̀ rí láyé rẹ̀ pé òun máa ń fi ìbọ̀wọ́ nu imú. Ó gbàgbé pádì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ń wo bí ọkùnrin náà ṣe ń yí ìbàdí kó tó ju ọ̀tún, bó ṣe ń pa dà sẹ́yìn láìsáré, ó sì ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ẹni yìí mọ̀ ọ́n jà. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ ti bà á, tí ọmọ aláàárù sùn lọ gbalaja.

Ilé pákó náà mì fún ẹ̀rín. "Ẹ ti na ara yín, Bàbá," Lucky wí.

Gafar ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un gbá. Ó tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, Kọ̀ǹténà tún nà án. Inú rẹ̀ dùn sí ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ tó fi di pádì mú sì ń tì í lójú. Bó ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu, kò mọ èwo nínú méjèèjì ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá gbé ojú sókè, ó rí Justice. Justice kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà tí wọn kò ṣí fún un, àánú rẹ̀ sì ṣe Gafar débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ bó ṣe bẹ obìnrin ọjọ́sí.

Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Morádéún ni. Gafar jáde síta láti gbọ́ ọ. Morádéún béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè àlàáfíà ara, ó wá ní àwọn ọ̀gá òun ti ka gbogbo ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn máa tún Kọ̀ǹténà ṣe. Wọ́n fẹ́ kó máa rẹ̀ ẹ́ bí ìjà bá ti ń lọ sópin, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ máa wálẹ̀, kí ẹni tó bá ní sùúrù lè nà án. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ ṣe é, ó ń tàgéétàgéé bí ọ̀mùtí. Bí Gafar bá lè wá fúnra rẹ̀ wá ṣe bó ṣe ń rẹ ènìyàn gidi, á dáa jù. Ṣùgbọ́n òun kò ní fi dandan mú un.

Gafar ní òun á rò ó wò.

Nígbà tó délé tó rò fún wọn, Suwaibat gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, tí Tinú ń kó àwo, ó dúró lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀.

"Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ, Dádì," ó ní. "Kí ẹ má ṣáà sọ fún mi pé iṣẹ́ ni."

Ìyẹn gan-an ni Gafar fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Warehouse Road wọ GRA. Ibi tí àwọn ilé ti jìnnà síra wọn, tí igi borí títì, ló ti pinnu pé òun máa kọ̀ ọ́, òun máa sọ fún Morádéún pé àwọn tó fẹ́ràn Kọ̀ǹténà pọ̀ ju àwọn tó kórìíra rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó rántí bí Justice ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun máa ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún un, kò mọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Morádéún kúnlẹ̀ kí i. Ojú obìnrin náà ti wọ inú, bíi ti ẹni tí kò sùn dáadáa. Chukwuma, ọ̀dọ́kùnrin tó ń mójú tó kámẹ́rà, ló bá Gafar wọ aṣọ dúdú náà, ó sì lẹ àwọn nǹkan róbótó mọ́ ọn. Nígbà tó ṣe tán, tí Morádéún ti ṣàlàyé ohun gbogbo, Gafar bi í léèrè ohun kan.

"Ìwọ ńkọ́? Gbogbo wọn ti sọ tiwọn. Kí ni ìwọ rí?"

Morádéún wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ mọ́, sà," ó ní. "Nígbà tí a ń ṣe é, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí tó yìn wá, mo pa dà lọ wò ó, mo rí ohun tó yìn. Nígbà tí mo ka èyí tó bú wa, mo tún pa dà lọ wò ó, mo sì rí ohun tó bú. Báyìí, tí mo bá wò ó, mi ò rí nǹkan kan mọ́."

Gafar mi orí. Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú ju gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un lọ.

Ó bọ́ sórí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Ó jà bó ṣe mọ̀ ọ́n jà ná, ó wá jẹ́ kó máa rẹ òun. Kò ní láti ṣe eré púpọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, èémí rẹ̀ ti kúrú. Nígbà tí Morádéún ní kí ọwọ́ òsì wálẹ̀, ó ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ aláàárù nínú afẹ́fẹ́ níbi tí kò sí ẹnì kankan, ó jẹ́ kó bà á, ó ṣubú.

"Ó dára gan-an, sà," Morádéún wí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí kámẹ́rà lè rí ìhà kejì. Gafar tún un ṣe. Ó tún ṣubú.

Lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òkè àjà, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó gbọ́ tí Chukwuma sọ pé ó tó báyìí. Ohun kan wá sọ sí i lọ́kàn tí kò sọ sí i rí. Lẹ́yìn tí Kọ̀ǹténà bá ṣubú, tí gbogbo èbúté bá ti gbé ọmọ aláàárù sí èjìká, tí wọ́n ń kọrin lọ, ta ló ń bójú tó Kọ̀ǹténà? Ṣé ó nílé? Ṣé ẹnì kan wà nílé tó ń retí rẹ̀? Òun ló ṣe ẹni yìí nínú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì mọ̀.

"Ẹ má tíì pa kámẹ́rà," ó sọ.

Chukwuma wo Morádéún. Gafar yí ara rẹ̀ pa dà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ó gbé orúnkún kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ta á, ó dúró díẹ̀ kí ìrora náà lè rọlẹ̀. Ó gbé orúnkún kejì. Kò yára, kò sì ṣe é bí ẹni tó fẹ́ pa dà sí ìjà. Ó dìde bí ọkùnrin ṣe ń dìde lórí ẹní láàárọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń dúró dè é.

"Sà," Morádéún wí jẹ́jẹ́, "kò sí ibi tí Kọ̀ǹténà ti dìde nínú ìtàn náà."

"Mo mọ̀."

"Bí wọ́n bá bi mí ohun tó túmọ̀ sí ńkọ́?"

Gafar ronú sí i. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan nípa Tinú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò to ara rẹ̀ jọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò yé èmi náà," ó ní. "Àwọn tó ń kọ̀wé á sọ fún wa."

Ọwọ́ Chukwuma ti wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kámẹ́rà. Morádéún wo Gafar, ó wo Chukwuma, ó sì mi orí pé rárá, kó máa gbà á lọ. Gafar sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọmọ aláàárù ìbá wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi tí rọ́bà náà parí sí, gbogbo kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e.